Klarinẹ́ẹ̀tì: iṣẹ́ ń lọ lórí àtàǹpàkò ọ̀tún

Sátidé, Ìsánlú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kò sí orin tuntun lọ́sẹ̀ yìí, àtàǹpàkò ni mò ń tọ́jú. Tí mo bá ti fọn klarinẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀, ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ìrora náà á sì gba ọrùn ọwọ́ lọ.

Ẹrù ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Kíì 17 (irin tí ìka ń tẹ̀ láti ṣí ihò tàbí pa á dé) àti òrùka irin 6 tó yí ihò ká ló wà lára irú èyí tí mò ń lò, èyí tí Klosé tó ń fọn klarinẹ́ẹ̀tì àti Buffet tó ń ṣe é gbé kalẹ̀ ní Paris láàárín ọdún 1839 sí 1843. Onígi máa ń wọ̀n tó nǹkan bí 800 gírámù. Oníke ni tèmi, ó fúyẹ́ díẹ̀ sí i, ọyẹ́ ilẹ̀ wa níbí kò sì lè là á bó ṣe ń la onígi. Síbẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀ lé àtàǹpàkò kan.

Ohùn G àárín ló máa ń tú àṣírí ọwọ́. Gbogbo ihò ló ṣí sílẹ̀ fún un, àtàǹpàkò ọ̀tún àti ẹnu nìkan ló sì dì í mú. Mo fọn ún níwájú dígí: oríkèé àtàǹpàkò mi ti tẹ̀ sẹ́yìn, ìka ìfábẹ̀lá sì ti yọ́ lọ ti kíì ẹ̀gbẹ́ lábẹ́. Bàbá kan nínú ìjọ wa, tó fọn ọ́n nígbà èwe rẹ̀, wò mí títí.

“Ìwọ ọmọ yìí, o fún un lọ́rùn bí adìyẹ Kérésì.”

“Kó má baà bọ́ ni, sà.”

“Kò ní bọ́. Fa àtàǹpàkò yẹn jáde díẹ̀.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láàárín ìdí èékánná àti oríkèé ló yẹ kí irin náà jókòó sí, ní ẹ̀gbẹ́ ìka. Tó bá ti kọjá oríkèé, àtẹ́lẹwọ́ á sún mọ́ ọn jù, àwọn ìka á nà gbọnrangandan, ọmọ ìka kò sì ní lè dé orí kíì tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́, mo wọ̀ ọ́ fún irin náà kó má gé mi lára. Okùn ọrùn, tó máa bá àtàǹpàkò gbé ẹrù náà, ló gba àkókò. Irin tèmi kò ní òrùka tí a lè so okùn mọ́, nítorí náà mo gé awọ bàtà àtijọ́ ní ìbú ìka méjì, mo fi abẹ la ojú tóóró sí i, mo ki irin bọ̀ ọ́. Okùn báàgì iléèwé ni mo so mọ́ awọ, mo sì fi tíúbù kúkúrú sáàárín kó lè fà díẹ̀. Ẹ má lo tíúbù látòkè délẹ̀ o: á máa fò sókè sódò, á sì máa gbá yín léyín.

G ti dúró jẹ́ẹ́ báyìí, ìka ìfábẹ̀lá sì ti kúrò níbi tí kò ti níṣẹ́. Tí mo bá jókòó fọn súkéèlì (ohùn tó ń tẹ̀ léra wọn lọ sókè sódò), mo tún máa ń gbé ìdí klarinẹ́ẹ̀tì lé orúnkún. Ọrùn ni okùn wá ń gé. Aránbàtà tó wà lójú ọ̀nà ní kí n mú fóòmù wá, òun á rán an sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àtàǹpàkò òsì. Ó máa ń fò kúrò lórí ihò lọ bá kíì tó ń sọ ohùn E ìsàlẹ̀ di ohùn B lókè, nígbà tó jẹ́ pé ó yẹ kó kàn yí orí díẹ̀ ni.