Àwọn Ìlú Olódi ní Ibodè Pọ́túgàl àti Sípéènì: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Tí ẹ bá ṣí máàpù, ẹ má tíì wá orúkọ ìlú kankan. Odò Côa ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Òun ni ààlà níhìn-ín títí di ọdún 1297, nígbà tí Ọba Dinis ti Pọ́túgàl bá ìjọba Castilla, tó ti di ara Sípéènì báyìí, ṣe àdéhùn ní Alcañices, tí ilẹ̀ ìlà-oòrùn odò náà fi bọ́ sọ́wọ́ Pọ́túgàl. Ẹni tó bá mọ èyí ló máa yé pé kì í ṣe ẹwà ló gbé ìlú olódi Castelo Mendo jókòó sí ìwọ̀-oòrùn odò, kí Castelo Bom wà ní òdìkejì. Ṣe ni wọ́n ń ṣọ́ ara wọn.

Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń sáré lọ sí Monsanto torí fọ́tò àwọn ilé tó wà lábẹ́ àpáta ràbàtà. Monsanto dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Almeida ni mo máa ní kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, torí tí odi Almeida bá ti yé yín, ìyókù kò ní ṣòroó lóye.

Odi ìgbà láéláé ga, kò sì nípọn púpọ̀. Ìbọn àgbá á wó o. Nígbà tí wọ́n máa mọ ti Almeida ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n mọ ọ́n ní kúkurú, wọ́n sì rọ yẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kí ọta àgbá lè rì síbẹ̀. Igun mẹ́fà ló yọ ṣóńṣó síta, odi kékeré mẹ́fà mìíràn sì dá dúró níwájú wọn nínú yàrà. Àwọn tó wà lórí igun kan lè yìnbọn gba ẹsẹ̀ igun kejì, nítorí náà ọ̀tá kò rí kọ̀rọ̀ kankan sá sí. Gbogbo rẹ̀ wá dà bí ìràwọ̀, àmọ́ ẹni tó bá dúró nílẹ̀ kò lè rí i. Ẹ wá àwòrán tí wọ́n yà láti òkè, kí ẹ fi pamọ́ sórí fóònù kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ẹ gba ẹnubodè São Francisco wọlé. Ẹnubodè méjì ni: ti òde wà lára odi kékeré, ẹ ó sì kọjá yàrà kí ẹ tó dé ti inú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ yí odi náà po, bíi kìlómítà méjì àbọ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní irin ìdìmú, yàrà sì jìn, nítorí náà ẹ di ọmọdé mú, ẹ sì jìnnà sí etí odi tí koríko bá tutù. Ilé olódi àtijọ́ tó wà nínú ìlú kò ju ìpìlẹ̀ lọ mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1810, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé dó ti ìlú náà lábẹ́ ọ̀gágun wọn, Masséna, ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n kó síbẹ̀ gbiná. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló kú. Odi òde ṣì wà digbí, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀tù tí àwọn tó ń dáàbò bo ìlú náà máa fi jà mọ́, ni wọ́n bá juwọ́ sílẹ̀ fún àwọn Faransé.

Ní Castelo Rodrigo, ìlú olódi mìíràn, ẹ wá àmì ọba Pọ́túgàl tó dorí kodò. Wọ́n ní Ọba João Kìíní ló fi jẹ ìlú náà níyà, torí pé ó gbè sẹ́yìn Castilla nínú ìjà lórí ẹni tó máa jọba Pọ́túgàl ní ọdún 1383 sí 1385. Ahoro ààfin Cristóvão de Moura, tó sin ọba Sípéènì, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará ìlú ló dáná sun ún.

Aago ló máa ń da àlejò láàmú jù. Aago Sípéènì fi wákàtí kan ṣáájú ti Pọ́túgàl, fóònù sì lè gba nẹ́tíwọ̀kì òdìkejì láìjẹ́ pé ẹ sọdá. Bẹ́ẹ̀ ni mùsíọ́mù ìlú kéékèèké máa ń tì lọ́sàn-án, òmíràn kì í sì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ẹ yẹ àkókò wọn wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Bọ́ọ̀sì kò pọ̀, ó sì máa ń dín kù sí i nígbà tí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi. Mọ́tò ayálò ló dára jù. Ẹ sọ fún ẹni tó yá yín lọ́kọ̀ pé ẹ máa sọdá ibodè, kó sì wà nínú ìwé àdéhùn, torí ìbánigbófò lè má ṣiṣẹ́ ní òdìkejì. Físà Schengen kan ló wúlò lápá méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání. Ìta ẹnubodè ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí, ohun yòówù kí máàpù orí fóònù wí: òpópónà inú odi há, àtiyípadà sì ṣòro.

Ìlú méjì lóòjọ́ ti tó. Ẹ fi Monsanto sí ọjọ́ ọ̀tọ̀, torí apá gúúsù ló wà, ó sì ju wákàtí kan lọ sí Almeida. Ọ̀nà tó gun orí òkè lọ sí ilé olódi rẹ̀ ga, òkúta rẹ̀ sì ń yọ̀. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gùn ún láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbé omi lítà kan àbọ̀ dání, torí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ibòji lókè.