Màmá tú gèlè nítorí òṣùpá

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo kúrò níbi ọdún Ojúde Ọba lánàá, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà n'Ìjẹ̀bú-Òde níbẹ̀ ni mo ti bá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan tó gbé awò awọ̀nàjíjìn kalẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kí ẹni tó bá fẹ́ wá wo òṣùpá.

Màmá kan tó wọ aṣọ régbérégbé wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́-orí wọn, ló wà níwájú mi. Gèlè ò jẹ́ kí ojú wọn kan awò náà. Ni wọ́n bá tú u! Gèlè tí wọ́n ti wé láti àárọ̀. Wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dákẹ́ títí. Ìgbà tó yá, wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Ọmọ mi, ṣé ihò ló kún ojú ẹ̀ báyìí?"

Olùkọ́ ní òkúta láti ojú sánmà ló ń já lù ú tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti pé ó jìn sí wa tó nǹkan bíi 384,000 kìlómítà.

Ó kàn mí. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn, òjìji wà nínú àwọn ihò náà, bí ìgbà tí èèyàn yọjú wo inú ìkòkò. Oṣù Iléyá tí gbogbo wa ń wá lójú ọ̀run lọ́jọ́sí nìyẹn o! Omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ṣé ẹ ti rí irú èyí níbi ọdún tiyín?