Ọ̀rọ̀ Ara Àáké ní Ugarit

Ọjọ́bọ̀, lálẹ́

Ọ̀rọ̀ Ugarit, ìlú àtijọ́ kan létí òkun Síríà, ni mo kà ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó sì gbà mí lọ́kàn gidigidi. Àgbẹ̀ kan tó ń túlẹ̀ lẹ́bàá ibẹ̀ lọ́dún 1928 ló kan ibojì àtijọ́. Lọ́dún 1929, Claude Schaeffer àtàwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í wa òkìtì Ras Shamra tí Ugarit wà lábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n bá bá wàláà amọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

Ṣóńṣó kálàmù ni wọ́n fi tẹ àmì ara wọn bíi ti Bábílónì, ṣùgbọ́n irú àmì tó wà níbẹ̀ kò ju 30 lọ. Ó hàn pé álífábẹ́ẹ̀tì ni. Kò sí èdè mìíràn tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èèyàn ìbá fi tú u. Charles Virolleaud, onímọ̀ èdè àtijọ́ ará Faransé, ló kíyè sí i pé àmì 6 tó wà lára àwọn àáké idẹ kan tún wà níbẹ̀rẹ̀ wàláà kan, àmọ́ àmì kan ṣáájú wọn níbẹ̀. Ó ní “sí” ni àmì yẹn ní láti jẹ́, bí ìgbà tí a ń kọ̀wé sí èèyàn. Lọ́dún 1930, Hans Bauer ará Jámánì gbà pé èdè náà bá Hébérù tan. Ó wá “ọba”, “ọmọ” àti “Báálì” káàkiri, ó sì rí wọn. Édouard Dhorme tó wà ní Jerúsálẹ́mù tún àwọn àmì tí Bauer ṣì kà ṣe, Bauer sì gbà. “Olórí àwọn àlùfáà” ni àmì 6 yẹn jẹ́. Orúkọ oyè ẹni tó ni àáké ló ṣí èdè tó ti kú láti ohun tó lé ní 3,000 ọdún!

Nínú àwọn wàláà náà, ìtàn ìjà òrìṣà Báálì pẹ̀lú Òkun, òrìṣà omi, ni gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ìwé ìtọ́jú ẹṣin ló wọ̀ mí lára jù: bí ẹṣin bá ń ṣàìsàn, kí wọ́n gún oògùn, kí wọ́n dà á sí i nímú. Ẹni tó ń tọ́jú ẹran ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní èdè ilé rẹ̀.

Ọba wọn ìkẹyìn, Ammurapi, kọ̀wé sí ọba Kípírù, ó pè é ní bàbá rẹ̀: ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá ti dé, wọ́n ti sun ìlú òun, àwọn ọmọ ogun òun sì wà nílẹ̀ Hátì, ní Tọ́kì òde òní. Èdè Ákádíà táwọn ọba fi ń kọ̀wé síra wọn ló lò. Ní nǹkan bí 1185 ṣáájú ìbí Jésù, iná jó Ugarit, álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì bá a lọ. Bí mo bá ráyè lọ́la, ìwé ẹṣin yẹn ni mo fẹ́ padà sí.