Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo ń wá iná iwájú tó mọ́lẹ̀ sí i fún tírélà mi

Òru ni àwa tí à ń kó ẹrù láti èbúté Àpápá lọ sí Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin sábà máa ń rìn, nítorí pé kí ènìyàn tó gba ẹrù, kó tó gba ìwé, kó sì tó rí ọ̀nà jáde kúrò ní Èkó, ilẹ̀ ti ṣú. Ohun tó ń dúró dè wá lójú ọ̀nà pọ̀: tírélà tó bàjẹ́ tí awakọ̀ rẹ̀ kò rí ju ewé tútù lọ tó tò sílẹ̀ fi ṣe àmì, màlúù tó ń kọjá títì, ọlọ́kadà tí kò ní iná ẹ̀yìn, àti kòtò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Bí tírélà bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, mítà 22 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni iná dímù (ìyẹn èyí tó ń wo ilẹ̀ kó má baà fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀; fúlù ni èyí tó ń wo ọ̀nà jíjìn) tó dára kì í sábà fi ohun tó dúdú han awakọ̀ kọjá nǹkan bíi mítà 50 tàbí 60. Kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, bí ìdajì àyè yẹn ti lọ. Èyí ló mú kí n wádìí ọ̀rọ̀ iná iwájú ọkọ̀ dáadáa, mo sì fẹ́ kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ fún ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà lórúkọ iná tó mọ́lẹ̀ ni kì í jẹ́ kí a ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí Àràròmí ní Gate n'Íbàdàn, tí ẹ sì sọ pé iná ọkọ̀ yín kò tàn tó, nǹkan méjì ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé síwájú yín: gílóòbù tí watt rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tó bá ọkọ̀ wá lọ, tàbí gílóòbù LED tó funfun gbòò. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá iná bátìrì ń dé ìdí gílóòbù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ tí mo ń wà jẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù. Bátìrì méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú rẹ̀ tí iná rẹ̀ fi jẹ́ volt 24, gílóòbù H4 ló sì ń lò. Láti ọdún 1971 ni H4 ti wà; wáyà tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún fúlù, ọ̀kan fún dímù, èyí tí wọ́n sì ṣe fún ọkọ̀ ńlá jẹ́ watt 75 fún fúlù àti watt 70 fún dímù. Àgbà rẹ́wáyà kan ní gáréèjì wa ló ní kí n má tíì náwó. Ó ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná, bóyá oúnjẹ ń dé ẹnu rẹ̀." Ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n tan iná dímù, ó sì gbé mítà tí a fi ń wọn volt lé orí bátìrì: volt 27.6. Lẹ́yìn náà ló ká rọ́bà ẹ̀yìn hẹ́dìláìtì kúrò, ó ti ẹnu mítà bọ ẹ̀yìn ìdí gílóòbù níbi tó ti ń tàn lọ́wọ́, ohun tí a sì rí níbẹ̀ jẹ́ 24.1. Volt mẹ́ta ààbọ̀ ti nù sójú ọ̀nà. Díẹ̀ nù sínú sùìṣì tó ti gbó, díẹ̀ sínú ìsopọ̀ wáyà tí ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bò, èyí tó pọ̀ jù sì nù sí ìdí wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó ń dá iná padà sí bátìrì, tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ ara irin tí ọ̀dà àti ìdọ̀tí ti bo ojú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò mọ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ gílóòbù onífìtílà, ìyẹn halogen, kì í dín ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú volt. Bí volt bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Ohun tó ń nù lọ́wọ́ tèmi ju ìdámẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tí gílóòbù náà lè mú jáde lọ, bẹ́ẹ̀ gílóòbù kò ṣẹ̀ rárá. Ẹ sì kíyè sí i pé iná gbọ́dọ̀ máa tàn nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá yọ gílóòbù kúrò kí ẹ tó fi mítà sí i, mítà yóò sọ pé gbogbo volt pé, nítorí pé kò sí ohun tó ń fa iná gba inú wáyà náà kọjá.

Rílé, ìyẹn sùìṣì kékeré tí iná bátìrì fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa, ló yanjú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, gbogbo iná tí gílóòbù ń lò ló ń gba inú sùìṣì kọjá, ó ń lọ wọ inú kábìnì, ó sì tún ń jáde padà. Nígbà tí a bá fi rílé sí i, sùìṣì kò ní ṣe ju kó rán iná kékeré láti jí rílé, rílé fúnra rẹ̀ yóò sì mú iná láti orí bátìrì lọ sí ìdí gílóòbù tààrà. Nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀: 85 àti 86 ni ti iná kékeré tó ń jí i, 30 ni ti wáyà tó ń bọ̀ láti orí bátìrì, 87 sì ni èyí tó ń lọ sí gílóòbù. Ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúlù. Kí ẹ rí i dájú pé ti volt 24 ni wọ́n tà fún yín, nítorí pé èyí tí wọ́n ṣe fún volt 12 yóò jóná. Wáyà tó nípọn, èyí tí wọ́n ń kọ 4 mm² sí lára, ni a lò.

Ibì kan wà tí n kò lè fojú fò dá. Ẹ̀gbẹ́ ṣáàsì ni bátìrì wà lára ọ̀pọ̀ tírélà, ọ̀nà sì jìn láti ibẹ̀ dé bọ́ńpà. Bí fíúsì kò bá sí nítòsí bátìrì gan-an, tí wáyà náà sì ra mọ́ irin títí tí ara rẹ̀ fi bó, kò sí ohun tí yóò dá iná náà dúró kí ó tó di pé ọkọ̀ gbiná. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tí fíúsì wà lẹ́bàá rílé níwájú, tí gbogbo wáyà gígùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà láìní ààbò. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ burú, kí ẹ má ṣe gbà á. Bí wáyà yín bá gba ibi tí kábìnì ti ń dojú dé kọjá, kí wọ́n jẹ́ kó gùn díẹ̀ sí i níbẹ̀, kó má fà le jù, kó má baà já lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì bá gbé kábìnì sókè. Ní ti ẹ́ẹ̀tì, a ha ọ̀dà ojú ṣáàsì títí irin fi dán, a de bóòtì mọ́ ọn, a sì fi gíríìsì pa á kí omi má ráyè wọlé. Nígbà tí a tún wọ̀n ọ́n, volt 27 ló dé ìdí gílóòbù. Gílóòbù àtijọ́ náà ni o. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí ìlà ẹ̀gbẹ́ títì àti koríko tó wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí òkùnkùn nìkan máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Gílóòbù tí watt rẹ̀ pọ̀, irú èyí tí wọ́n kọ 100/90 sí lára, kò wú mi lórí. Wáyà tí kò gbé watt 70 dáadáa kò lè gbé 90. Bí iná tó ń fà bá ti ń pọ̀ sí i ni volt tó ń nù sójú ọ̀nà náà ń pọ̀ sí i. Ooru rẹ̀ ló tún wá burú jù. Nínú ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa kan, ike ìdí gílóòbù ti yọ́ mọ́ ẹsẹ̀ gílóòbù débi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e kúrò, àwo dídán inú hẹ́dìláìtì náà sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lókè ibi tí gílóòbù wà. Àwo tó bá ti pọ́n báyẹn kò lè dá ìmọ́lẹ̀ padà mọ́, gílóòbù yòówù kí ẹ fi sí i.

Ní ti LED, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa, nítorí pé owó tó ń wọlé sí i pọ̀. Nínú H4, ife irin kékeré kan wà lábẹ́ wáyà dímù. Ife yìí ló ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró kó má baà bá ìdajì ìsàlẹ̀ àwo dídán náà, ohun tó sì ń fa ìlà tí a máa ń rí lára ògiri nìyẹn, tí ìmọ́lẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí òkùnkùn wà lókè. Àwọn tó ṣe àwo náà ṣírò ojú rẹ̀ mọ́ ibi tí wáyà tín-ín-rín yẹn wà gẹ́lẹ́, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju bíńtín lọ. LED kò ní wáyà. Ojú pẹlẹbẹ méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n sì ń tà, àwọn ojú náà kò bọ́ sí ibi tí wáyà yẹ kó wà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á wá fọ́n káàkiri. Ẹni tó ń wakọ̀ yóò rí i pé iwájú bọ́ńpà òun funfun, inú rẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n bí ibi tó sún mọ́ ojú bá ti mọ́lẹ̀ jù, ọmọlójú a máa sún kì, ohun tó wà lókèèrè a sì tún wá ṣókùnkùn sí i. Èyí tó fọ́n lọ sókè ló ń fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀, bó sì jẹ́ pé tírélà lonítọ̀hún ń wà, ara wa náà ni ewu náà wà fún. Ní Jámánì, ọdún 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí LED àkọ́kọ́ tí wọ́n lè fi rọ́pò gílóòbù halogen, èyí tí Osram ṣe, àwọn irú ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì fàyè rẹ̀ gbà fún. Èyí tó wà nínú páálí aláìlórúkọ lọ́jà wa kò gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá. Fáànù kékeré ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ pẹ̀lú eruku ọ̀nà wa àti gbígbọ̀n ọkọ̀ ńlá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra hẹ́dìláìtì tòkunbọ̀, ẹ fetí sí èyí. Iná dímù kì í tàn dọ́gba lápá méjèèjì. Ó máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì kó lè fi ẹlẹ́sẹ̀ hàn, ó sì máa ń rẹlẹ̀ lápá ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n apá òsì ni wọ́n ṣì ń rìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Japan. Hẹ́dìláìtì tí wọ́n bá tú lára ọkọ̀ ibẹ̀ yóò máa gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sápá òsì, sí ojú ẹni tó ń bọ̀, yóò sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tiwa sílẹ̀ fún òkùnkùn. Ẹ wo gíláàsì èyí tó ní òǹtẹ̀ E, ìyẹn àmì ìfọwọ́sí ti Yúróòpù: bí ẹ bá kọjú sí i tí ẹ rí ọfà kan tó nà sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ti àwọn tó ń rìn lápá òsì ni. Bí kò bá sí ọfà rárá, tiwa ni. Ọfà olórí méjì túmọ̀ sí pé ó ṣeé yí sí apá méjèèjì, kí ẹ wo apá tí wọ́n yí i sí.

Bí gíláàsì bá jẹ́ ike tí oòrùn ti sọ di pípọ́n, sáńpépà olómi nọ́ńbà 800, lẹ́yìn rẹ̀ 1000, lẹ́yìn rẹ̀ 2000, kí a wá fi póláńdì pa á, yóò mú un mọ́ padà fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ṣíṣe àtúntò ibi tí iná ń wò. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mítà 10 sí ògiri, kí gbogbo táyà ní afẹ́fẹ́ tó pé. Ẹ wọn gíga àárín hẹ́dìláìtì láti ilẹ̀, kí ẹ fi ẹfun sàmì gíga náà sára ògiri, kí ẹ wá yí ìdè ẹ̀yìn iná tí a fi ń gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí ìlà dímù yóò fi wà nísàlẹ̀ àmì náà. Fún ọkọ̀ kékeré, sẹ̀ǹtímítà 10 tó. Fún ọkọ̀ ńlá tí iná rẹ̀ ga ju mítà kan lọ, 15 sí 20 ni mo máa ń lò. Ẹrù máa ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, imú á sì gbé sókè, nítorí náà ìgbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ ni mo máa ń ṣe é, àyàfi nínú ọkọ̀ tó ní bọ́tìnì tí a fi ń rẹ iná sílẹ̀ láti inú kábìnì.

Nígbà tó yá ni mo wá ra gílóòbù tuntun, Philips MasterDuty ti volt 24, tí wọ́n ṣe fún gbígbọ̀n ọkọ̀ ńlá. Truckstar Pro ti Osram náà wà fún irú iṣẹ́ yìí. Mo wo òǹtẹ̀ E tó wà nínú òbìrí lára rẹ̀ kí n tó sanwó, n kò sì fi ìka kan ara dígí rẹ̀, nítorí pé òróró ọwọ́ máa ń mú kí ojú kan gbóná jù lára rẹ̀, á sì tètè jó. Bí ọ̀kan bá jó, méjèèjì ni mo máa ń pààrọ̀ pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ wọn lè dọ́gba, èyí tí kò tíì jó nínú wọn á sì wọ inú páálí lọ sínú àpótí irinṣẹ́, fún ọjọ́ tí tuntun bá jó lójú ọ̀nà.