Ọdún 5 ni wọ́n ń bèèrè, 2 ni mo ní

Ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ìṣirò owó wọn. Mo kà á: BSc, ìrírí ọdún 5, kò gbọdọ̀ ju ẹni ọdún 28 lọ, kó mọ Excel dunjú. Mo wo ara mi. HND ni mo ní, ọdún 2 péré ni mo ti ṣiṣẹ́, mo sì ti pé 29. Excel nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Mo ti ń gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń já ewédú lọ́wọ́, gbójú sókè: "Ṣé o ti di máníjà wọn ni, tó o fi ń bá wọn lé ara ẹ?"

Mo fi ránṣẹ́. Mi ò gé ọjọ́ orí mi kù o (ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ẹ mọra yín).

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bàbá kan kàn ti kọ̀ǹpútà síwájú mi: ọjà tí wọ́n tà fún oṣù 6, orúkọ oníbàárà kan náà lọ́nà mẹ́ta, "Alhaja", "Alaja", "Alh." Wọ́n ní kí n wá àwọn tó jẹ gbèsè jáde. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àmọ́ kí wọ́n tó mu tíì wọn tán, mo ti tò wọ́n kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní BSc.

Wọ́n gbà mí. Ìpele HND ni wọ́n fi mí sí ṣá, owó mi kéré sí ti ẹni tá a jọ jókòó. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.