Ẹrẹ̀ tó wà lókè pátápátá

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù.

Mo ti fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì ń rùn. Òórùn ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni, ó dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́, àmọ́ ó ti mọ́ mi lára débi pé tí mo bá ṣí kọ́ọ̀ tuntun tí mi ò gbọ́ òórùn yẹn, ara mi kì í balẹ̀. Kọ́ọ̀ la máa ń pe ẹrẹ̀ tá a bá fi páìpù gígùn fà jáde nísàlẹ̀ omi. Ṣé ẹ rántí bá a ṣe máa ń ki ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ bọ inú ẹ̀kọ tó ti dì nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a bá fà á yọ, ẹ̀kọ á wà nínú ẹ̀ gbọọrọ? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ohun tó wà lókè á wà lókè, ohun tó wà nísàlẹ̀ á wà nísàlẹ̀.

Èyí tá a ṣí lónìí ni ìkẹta nínú àwọn tá a gbé bọ̀ láti Linnévatnet lóṣù August tó kọjá. Adágún kan ní Svalbard ni, àwọn erékùṣù tí Norway ni lókè lọ́hùn-ún, ibi tí oòrùn kì í wọ̀ rárá láwọn oṣù kan tí kì í sì í yọ rárá láwọn oṣù mìíràn, tí wọn kì í jáde kúrò nílùú láìgbé ìbọn dání nítorí béárì funfun. Inú ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí la dúró tá a fi ń ju páìpù sínú omi, òtútù mú ìka mi débi pé mi ò lè ta kókó okùn, ẹlòmíì ló ń bá mi ta á. Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó ná wa.

Bá a ṣe ń ṣí i nìyí. A fi ayùn oníná la ẹ̀gbẹ́ páìpù méjèèjì, lẹ́yìn náà a fa okùn ìpẹja tín-ín-rín kọjá láàárín ẹrẹ̀ látòkè délẹ̀, ó wá pín sí méjì bí ẹní la ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo mú gíláàsì pẹlẹbẹ mo ń fi ha ojú ẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ o, kì í ṣe látòkè wá sísàlẹ̀, torí ẹni tó bá ha á látòkè wá sísàlẹ̀ ti kó ẹrẹ̀ ọdún tó kọjá lọ bá ti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ojú ẹsẹ̀ téèyàn bá ha á tán làwọn ìlà á yọ kedere, dúdú, eérú, dúdú, eérú, ó rẹwà débi pé mo máa ń dákẹ́ níbẹ̀ ni. Kì í pẹ́ rárá, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i díẹ̀ dúdú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, torí náà a gbọ́dọ̀ yára ya fọ́tò ká tó fi náílọ́ọ̀nù bò ó.

Ìlà méjì ló ń ṣe ọdún kan. Nígbà tí oòrùn bá dé yìnyín á yọ́, odò á ya wọ adágún tòun ti iyanrìn kíkúnná tó gbá bọ̀ látorí òkè, èyí tó wúwo á kọ́kọ́ jókòó sísàlẹ̀. Nígbà tí òtútù bá dé yìnyín á bo ojú omi pa, odò á dá, afẹ́fẹ́ ò ní lè rú omi mọ́, amọ̀ tó fúyẹ́ jù lọ tó ti ń rìn káàkiri inú omi látọjọ́ yìí á wá rọra máa bọ́ sísàlẹ̀ lábẹ́ yìnyín yẹn, nínú òkùnkùn, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọdún tí yìnyín bá yọ́ gan-an, ìlà ẹ̀ á nípọn. Ọdún tí ò bá fi bẹ́ẹ̀ yọ́, ìlà ẹ̀ á tín-ín-rín.

Ògì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí mo bá ń ṣàlàyé èyí. Màmá Àgbà ń ṣe ògì tà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n bá ti fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ tán, tí wọ́n ti da èèrí sọ́tọ̀, wọ́n á gbé bàsíà ńlá yẹn sí kọ̀rọ̀ kan, ọmọ kankan ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Tó bá di àárọ̀ ògì ti jókòó, omidùn ti tòrò lórí ẹ̀. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á rọra máa tẹ bàsíà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí omi yẹn á fi tán. Ọjọ́ kan mo sáré kọjá mo fẹsẹ̀ kọ bàsíà náà, ohun tí mo rí ò kúrò lójú mi dòní, ògì tó wà lókè dìde bí èéfín, ó bá omi lọ. Màmá ò nà mí. Wọ́n kàn sọ pé, "Àdùkẹ́, èyí tó kúnná jù nìyẹn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọ́ọ̀ tòní nìyẹn gan-an. Etí omi ní Svalbard la ti rọra fa omi orí ẹ̀ kúrò, a da ẹ̀tù kan sí i tó máa ń fa omi mu bí èyí tó wà nínú Pampers kí orí ẹ̀ lè dì, a fi fóòmù dí i, mo fọwọ́ ara mi ya ọfà sára àpótí, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé apá ibí ni òkè. Ẹni tó bá wa gbé e kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja ni, mi ò mọ iye ọjọ́ tó fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a là á, gbogbo ìsàlẹ̀ dára, ìlà ń tẹ̀ lé ìlà, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà 4 òkè ti dà pọ̀ mọ́ra wọn, ó ti sàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí ìlà kankan tó ṣeé kà níbẹ̀. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní ìsàlẹ̀ ṣì dára ká máa báṣẹ́ lọ. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ mi ò lè mú ojú kúrò lókè yẹn, inú mi bà jẹ́ gan-an.

Níbi tá a ti fà á, bí i mílímítà 1 ló ń jókòó lọ́dún. Sẹ̀ǹtímítà 4 ti tó ogójì ọdún nìyẹn, gbogbo ọjọ́ ayé mi wà nínú ẹ̀ tó sì tún ṣẹ́ kù, àwọn ọdún tí Svalbard fi ń móoru kíákíá ju ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ. Ẹlòmíì lè sọ pé ṣebí a mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí láwọn ọdún yẹn, kí la tún ń wá nínú ẹrẹ̀? Ìdí tí mo fi ń banú jẹ́ gan-an nìyẹn. Láti 1911 ni wọ́n ti gbé ibùdó tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ kalẹ̀ ní Svalbard. Ìwé tí wọ́n kọ ìgbóná àti òtútù ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí la máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrẹ̀ òkè, ká lè mọ̀ pé ìlà tó nípọn báyìí, ẹ̀rùn tó móoru báyìí ló ṣe é. Ìgbà tá a bá ti mọ ìyẹn la tó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wọn nǹkan kan rí, tá a máa ka ibẹ̀. Apá tó rọ̀ jù, tó máa ń tètè bàjẹ́ jù, òun náà ló ń kọ́ wa ní álífábẹ́ẹ̀tì ìyókù.

Ó dùn mọ́ mi díẹ̀ pé 1963 ò bàjẹ́ ṣá. Láwọn ọdún yẹn, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò lójú afẹ́fẹ́, eruku ẹ̀ fẹ́ káàkiri ayé, ó bọ́ sínú gbogbo adágún, ó sì pọ̀ jù lọ́dún 1963, ọdún tí Nàìjíríà di rìpọ́bíìkì. Ojú ò lè rí i, ẹ̀rọ ló ń kà á, àmọ́ bá a bá ti rí i, a ti mọ ibi tá a wà. Ó yẹ kó wà ní bí i sẹ̀ǹtímítà 6, ibẹ̀ sì wà digbí.

Mo jókòó lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ tán, mo ń ronú nípa El'gygytgyn. Adágún kan ni ní Chukotka, ní ìlà oòrùn Rọ́ṣíà lọ́hùn-ún, nǹkan bí 3.6 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn òkúta kan já látojú ọ̀run, ó lu ihò tó fẹ̀ tó kìlómítà 18, omi wá kún inú ẹ̀. Àwọn òkè yìnyín tó ha ọ̀pọ̀ adágún lápá ibẹ̀ yẹn dànù ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá, torí náà ẹrẹ̀ ti ń jókòó níbẹ̀ látọjọ́ yẹn láìdá. Láti òpin 2008 wọ 2009, Martin Melles láti Cologne ní Jámánì, Julie Brigham-Grette láti Massachusetts, Pavel Minyuk láti Magadan àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ gorí yìnyín adágún yẹn, wọ́n kọ́kọ́ ń da omi sórí yìnyín náà kó dì, kó nípọn ju mítà 2 lọ, kó má bàa já lábẹ́ ẹ̀rọ. Omi bí i mítà 170 ló wà lábẹ́ ẹ̀ kí wọ́n tó kan ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn náà sì jìn tó mítà 318 kí wọ́n tó kan òkúta.

Àwọ̀ ẹrẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù láti sọ. Àwọn ìgbà tó tutù débi pé yìnyín ò ká kúrò lójú omi látọdún dọ́dún, atẹ́gùn ò dé ìsàlẹ̀, kòkòrò ò lè gbé níbẹ̀ láti tú ilẹ̀, ẹrẹ̀ ìgbà náà dúdú, ìlà ẹ̀ sì tín-ín-rín bí ojú ewé ìwé. Tó bá móoru díẹ̀, ìlà á pòórá, àwọ̀ á yí sí ewé tó ń rọ. Àwọn ìgbà kan sì wà tó jẹ́ pé ó pupa rẹ́súrẹ́sú, bí i 400,000 ọdún sẹ́yìn àti bí i 1.1 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ẹ̀rùn ibẹ̀ nígbà náà fi dígírì 4 sí 5 móoru ju ti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan tá a wà nínú ẹ̀ yìí. Nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín 3.6 sí 3.4 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, wọ́n rí lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi ńláńlá níbi tí igi kankan kì í hù lónìí, ẹ̀rùn ìgbà náà fi bí i dígírì 8 móoru ju tòní. Èéfín carbon dioxide tó wà lójú ọ̀run nígbà náà sì sún mọ́ 400 nínú mílíọ̀nù 1 ìwọ̀n afẹ́fẹ́. May 2013 ni ìwé tí wọ́n fi sọ èyí jáde, oṣù May kan náà ni ẹ̀rọ tó wà lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii kọ́kọ́ kà á pé tiwa ti dé 400, ó sì ti kọjá 420 báyìí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka méjèèjì pọ̀, ẹ̀rù bà mí, ó sì ṣì ń bà mí.

Ní El'gygytgyn, nínú nǹkan bí 2.8 mílíọ̀nù ọdún tó gbẹ̀yìn, ẹgbẹ̀rún ọdún kan ò ju bí i sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Màmá Àgbà lo ọdún 84 láyé. Gbogbo ìjí-kùtù yẹn, gbogbo ògì yẹn, mílímítà 4 ni.

Ọmọ Ghana kan wà láàbù wa, òun ló padà wọlé wá mú báàgì ẹ̀ tó rí mi tí mo ṣì jókòó. Adágún Bosumtwi nítòsí Kumasi lòun ń kọ́ nípa ẹ̀, òun náà ihò òkúta ojú ọ̀run ni, 2004 ni wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ó ní igi gbígbẹ ṣì wà níbẹ̀ tó dúró ṣánṣán nínú omi, igi tó hù nígbà tí ọ̀dá mú kí adágún náà fà sẹ́yìn, ọ̀dá tó lo ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́ta, tí kò dẹwọ́ títí di nǹkan bí 1750. Ó ní, "Sister, igi yẹn ò lọ, ẹrẹ̀ tìẹ náà ò lọ, inú páìpù yẹn náà ló wà." Mo mọ̀ pé ó fẹ́ tù mí nínú ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ẹrẹ̀ tí ìlà ẹ̀ ti dà rú kì í ṣe igi.

Torí àwọn adágún gan-an ti ń lọ. Ní Cape Herschel, ní erékùṣù Ellesmere ní Kánádà, John Smol àti Marianne Douglas ti ń lọ wọn omi àwọn adágún kéékèèké kan láti 1983. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ wọn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni omi ti wà níbẹ̀. Lọ́dún 2006 wọ́n débẹ̀, àwọn kan nínú wọn ti gbẹ pátápátá. Mo máa ń fojú inú wò ó, kéèyàn máa lọ síbì kan fún ọdún mẹ́tàlélógún, kó wá débẹ̀ lọ́jọ́ kan kó bá ilẹ̀ gbígbẹ. Tí adágún bá gbẹ, ẹrẹ̀ òkè yẹn ni atẹ́gùn á kọ́kọ́ gbé lọ.

Mọ́mì pè lórí WhatsApp nígbà tí mo ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

"Ohùn ẹ ò já geere, kí ló ṣe ẹ́?"

Mo ní, "Mọ́mì, ẹrẹ̀ tá a gbé wá láti Svalbard ló bàjẹ́, orí ẹ̀ ti dà rú."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Bí ògì?"

"Bí ògì gan-an mà."

"Ṣé ẹ ò bù ú sí bàsíà méjì ni? Ìyá mi kì í bu gbogbo ẹ̀ sójú kan."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àwọn àpò. Lọ́jọ́ tá a fa kọ́ọ̀ yẹn, a fa èyí kúkúrú kan níbì kan náà, alẹ́ ni àmọ́ ilẹ̀ ò ṣú, èmi àti ẹnìkan jókòó sórí òkúta létí omi, a ń tì í látìsàlẹ̀, a ń gé e lókè ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà ìdajì sẹ̀ǹtímítà, a ń kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú náílọ́ọ̀nù. Kò lè fi ìlà hàn wá mọ́, torí a ti gé e, àmọ́ a ṣì lè mọ ọdún ẹ̀, a ṣì lè ka àwọn èèpo kòkòrò kéékèèké tó wà nínú ẹ̀. Nígbà yẹn mo rò pé à ń fàkókò ṣòfò ni, ẹsẹ̀ mi ti kú fún òtútù.

Mo bọ́ọ́lẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń padà lọ. Inú fíríìjì láàbù ni wọ́n wà, ogójì náílọ́ọ̀nù, mo tú wọn sórí tábìlì mo tò wọ́n tẹ̀ léra, kò sí èyí tó dín. Ti àkọ́kọ́ ni mo gbé sọ́wọ́ pẹ́ jù. Ìwé ọwọ́ mi tí òtútù mú kó wọ́ ló wà lára ẹ̀, 0 sí 0.5, ẹrẹ̀ inú ẹ̀ ò ju ṣíbí méjì lọ, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ láti ìta náílọ́ọ̀nù, ó rọ̀, kò sí iyanrìn kankan nínú ẹ̀. Mo dá a padà síbi tó wà, mo dúró títí tí iná ara fíríìjì náà fi tàn, mo tó wá tilẹ̀kùn.