Wọ́n Tì Mí Mọ́ Búùtù Nítorí Òórùn Èéfín

Búùtù Camry tí a ń pè ní Big Daddy fẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, àmọ́ kò gba àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán. Mo mọ̀, torí mo wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 25 lálẹ́ Sátidé kan, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi, bàbá ọlọ́dẹ àdúgbò wa sì dúró síta pẹ̀lú kùmọ̀, ó ń bi ìyàwó mi pé òkú ta ló dì síbẹ̀.

Òórùn ló gbé mi débẹ̀.

Ó ti tó oṣù méjì tí ọkọ̀ náà ti ń rùn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìrùn, kí a ṣáà ti gbé àlejò, á bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí a dá lẹ́bi ni irú. Màmá ìyàwó mi ló gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, irú woro gidi, dídì nínú ewé, ó wà nínú búùtù. Ìyàwó mi ní òun ni. Èmi náà ní òun ni. A kó irú Màmá dà sí ààtàn, a fi ọṣẹ fọ kápẹ́ẹ̀tì, a wọ́n lọ́fíńdà sí i. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọkọ̀ ṣì ń rùn, òórùn lọ́fíńdà tún wá gun orí rẹ̀.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ìgbà wo ló ń rùn?"

"Ó kàn ń rùn ni."

"Mo gbọ́, ọ̀gá mi. Ìgbà wo?"

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó rán mi padà sílé bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó ní kí n fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ọkọ̀ dúró ni àbí ó ń sáré? Ṣé wíńdò wà ní ṣíṣí? Ṣé éésì ń ṣiṣẹ́? Ṣé mo tẹ bọ́tìnnì tó ní àwòrán mọ́tò tí ọfà ń yípo nínú rẹ̀? Ó tún ní kí n má gbára lé imú ara mi, torí imú tó bá ti wà nínú òórùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá á ti gbà á mọ́ra. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni kí n máa bi.

Ìwé tí mo mú padà wá fi hàn pé òórùn méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń yọjú nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, tí éésì bá wà ní títàn: ó dà bíi kí epo tí a fi ń dín nǹkan jó mọ́ ìdí apẹ. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì ọfà yẹn, á lọ. Èkejì kì í wá àfi tí ọkọ̀ bá ń sáré tí wíńdò sì wà ní ṣíṣí. Ó dà bí òórùn jẹnẹrétọ̀. Bọ́tìnnì ò ràn án, ṣùgbọ́n tí a bá ti gbogbo wíńdò, tí fáànù sì ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, á dín kù. Mẹkáníìkì wo ìwé náà, ó mi orí. "Ọ̀kan ń gba iwájú wọlé, ọ̀kan ń gba ẹ̀yìn."

Ti iwájú rọrùn. Afẹ́fẹ́ tí éésì ń fà láti ìta, ìdí gíláàsì iwájú ló ń gbà wọlé, lábẹ́ wáìpà, ìyẹn ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì gan-an. Nínú ẹ́ńjìnnì 2.4 ti Camry yìí, ẹ̀yìn kan náà ni mánífóòlù èéfín wà, ìyẹn irin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì, ó kọjú sí ẹsẹ̀ awakọ̀. Rọ́bà gáskẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ti lé ní ogún ọdún, ó ti le gan-gan bí awọ gbígbẹ, epo ẹ́ńjìnnì sì ń kán síta ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sórí mánífóòlù tó gbóná. Bó ṣe ń kán ló ń jó, kò délẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí epo lábẹ́ ọkọ̀. Tí a bá ń sáré, atẹ́gùn á gbá a lọ. Tí a bá dúró, á gòkè tààrà sí ẹnu ibi tí éésì ti ń mí.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe yẹ ní wíwò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Wọ́n yọ kọ́ìlì mẹ́rin, wọ́n fi sípánà 10 tú nọ́ọ̀tì ìdérí, wọ́n nu ojú irin títí tó fi ń dán. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, gbígbẹ ni wọ́n ń fi í sójú rẹ̀. Ojú méjì péré ni gọ́ọ̀mù ń bọ́ sí, níbi tí ìdérí táímìn ti pàdé orí sílíńdà, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Àwọn tó máa ń fi gọ́ọ̀mù kun gbogbo etí rẹ̀ bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, apá kan nínú gọ́ọ̀mù yẹn á tẹ̀ wọnú, á já bọ́ sínú epo, á sì lọ di asẹ́ tí páǹpù epo fi ń mu. Nọ́ọ̀tì náà ò fẹ́ agbára: nǹkan bí 10 Nm, láti àárín bọ̀ sí etí, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo èjìká fà á, á já a sínú irin, iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á wá di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Wọ́n pààrọ̀ òrùka rọ́bà mẹ́rin tó yí ihò púlọ́ọ̀gì ká pẹ̀lú, torí kò sí bí a ṣe máa tú u lónìí kí a tún padà wá tú u lóṣù tó ń bọ̀.

Ohun tí mẹkáníìkì gbàgbé láti sọ fún mi ni pé epo àtijọ́ tó ti dà sórí mánífóòlù á ṣì máa jó fún ọjọ́ mélòó kan, àfi tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e, ó ní ọ̀gá ti lọ Mẹ́kà.

Ṣé pẹtiróòlù kọ́? Rárá, òórùn ti pẹtiróòlù yàtọ̀, ó máa ń gúnni nímú láìjó. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ kọ́kọ́ wo kẹ́ẹ̀gì jẹnẹrétọ̀ tí ẹ gbàgbé sí búùtù, kí ẹ tó gbé àga ẹ̀yìn sókè wo ìdérí páǹpù pẹtiróòlù. Ìdérí yẹn ní gọ́ọ̀mù tó yí i ká, ẹni tó ṣí i kẹ́yìn kì í sábà dá a padà dáadáa. Òórùn dídùn bí ṣúgà, omi rédíétọ̀ ni.

Ti ẹ̀yìn ló mú mẹkáníìkì fajúro. A rìnrìn àjò lọ sí Èkó lọ́jọ́ kan, a ṣí wíńdò torí oòrùn, kí a tó dé Ṣàgámù, Bólú ọmọ wa ti sùn lọ fọnfọn, orí sì ń fọ́ ìyá rẹ̀. A rò pé ooru ni. Mẹkáníìkì ní kì í ṣe ooru, carbon monoxide ni, òun kan náà tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn sùn. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ohun tí imú ń gbọ́ ni àwọn ìyókù tó bá a rìn nínú èéfín. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sì máa ń dì mọ́ ọn ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bó ṣe ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ.

Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Peckham ní London fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn carbon monoxide ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ sára ògiri ilé níbẹ̀. Ẹ má dúró kí ó pariwo kí ẹ tó gbà pé nǹkan wà o. Tí carbon monoxide bá jẹ́ 50 ppm, ìyẹn ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ó lè tó wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ kí ẹ̀rọ ilé yẹn tó ké, torí bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ìyàwó mi gbé e sórí ẹsẹ̀. Ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: 0. A ń sáré, wíńdò ṣí: 41. A ti wíńdò, a ṣí fáànù: ó sọ̀kalẹ̀ sí 6.

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ láti iwájú sáílẹ́ńsà wá sẹ́yìn. Òwúrọ̀ kùtù ló ṣe é, kí irin tó gbóná, torí irin tó bá gbóná máa ń wú, ojú tó là á sì pa dé. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ó fi àkísà tútù dí ẹnu sáílẹ́ńsà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ń tẹ́tí lábẹ́ bóyá "ṣìììì" á dún níbì kan. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fín omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé, ó tún tan án: níbi tí ìfófòó bá ti ń wú, ibẹ̀ ló là. Mánífóòlù dára. Fléksíbù, páìpù rírọ̀ tó tẹ̀lé e, dára. Ẹnu sáílẹ́ńsà gan-an ló gé kù, ó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kó dé etí bọ́ńpà, ìsàlẹ̀ ló sì ń tu èéfín sí. Èéfín ń kó jọ lẹ́yìn bọ́ńpà. Àmọ́ ọ̀nà wo ló ń gbà wọlé?

"Rọ́bà búùtù," ni mo wí, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìdánwò rọ́bà kò le. Ẹ gé ìwé pẹlẹbẹ kan, ẹ fi ha búùtù, ẹ tì í, kí ẹ wá fa ìwé náà. Ó gbọ́dọ̀ di ìwé mú. Tó bá yọ fẹ̀rẹ̀, rọ́bà ti tẹ́ níbẹ̀. Mo ṣe é yíká ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ dì í mú. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti gbọ́ pé ènìyàn lè wọnú búùtù lóru, kí ẹlòmíràn máa fi tọ́ọ̀ṣì yí i ká láti ìta. Ibi tí iná bá ti wọlé, èéfín lè gbabẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù sórí àga ẹ̀yìn, taya sípéà, jáàkì, kápẹ́ẹ̀tì àti páálí ẹ̀gbẹ́. A pa ẹ́ńjìnnì, mo wọlé, ìyàwó mi ti ìdérí. Iná ìjọba ti lọ, gbogbo àdúgbò ṣú.

"Gbé e wá sísàlẹ̀ díẹ̀. Apá òsì. Òsì tèmi kọ́, òsì tìẹ!"

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà. Bó ṣe gbé tọ́ọ̀ṣì sí igun ìsàlẹ̀, iná yọ sí mi lójú láti ihò onígun mẹ́rin kan tó tó àtẹ́lẹwọ́. "Mo ti rí i!" ni mo ké. Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá ọlọ́dẹ yọ.

"Ta nìyẹn! Dúró síbẹ̀!"

Ẹ̀rù ba ìyàwó mi, tọ́ọ̀ṣì bọ́, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bọ́ tẹ̀lé e, ó kó sínú gọ́tà. Mo gbá búùtù láti inú, mo ní, "Bàbá, èmi ni o!"

"Yéè! Ó ṣì wà láàyè!"

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ti ọdún 2002 ní ọwọ́ ìfà kan nínú búùtù tó ń tàn nínú òkùnkùn. Òfin ló ní kó wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n bá tì mọ́bẹ̀. Tèmi ń tàn bí ojú ológbò. Mo fà á, ó bá mi wá lódindi, wáyà rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo ní kí n ti àga ẹ̀yìn ṣubú, taya sípéà ló dá mi lóhùn. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní títì.

Bólú ló gbà mí. Ó sáré lọ mú máàgínẹ́ẹ̀tì tó yọ lára sípíkà rédíò àtijọ́, wọ́n so ó mọ́ okùn, wọ́n jù ú sínú gọ́tà. Kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ ọn, òrùka irin tó wà nídìí rẹ̀ ló gbá a mú. Nígbà tí búùtù ṣí, èrò tó wà níbẹ̀ tó ti ìsọmọlórúkọ.

Ihò yẹn kì í ṣe ìjàm̀bá. Igun méjèèjì ẹ̀yìn bọ́ńpà ló wà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń gbà jáde nígbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn. Rọ́bà pẹlẹbẹ ló ń bo ojú rẹ̀, ìta nìkan ló ń ṣí sí. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó tún ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ṣe lẹ́yìn tí dáńfó kan gbá a, ó yọ ọ́, kò dá a padà, ó gbé bọ́ńpà bò ó, ó kùn ún, ó ń dán. Bóyá òun náà ló gé wáyà ọwọ́ ìfà. Ọkọ̀ tó ń sáré sì máa ń fa èéfín ara rẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀yìn. Tí wíńdò bá ṣí, atẹ́gùn á máa fa afẹ́fẹ́ inú jáde, inú ọkọ̀ á sì fi ihò ẹ̀yìn mu èyí tí yóò fi rọ́pò.

Wẹ́dà jó páìpù mọ́ ẹnu sáílẹ́ńsà títí tó fi yọ kọjá bọ́ńpà. Mo rí rọ́bà ojú ihò méjèèjì ní tòkunbọ̀ ní ọjà Géètì. Ẹni tí kò bá rí i lè gé rọ́bà tíúbù ọ̀kadà, kí ó lẹ etí òkè nìkan, kí ìsàlẹ̀ lè máa ṣí. Kí ó má dí i pa o, ilẹ̀kùn ò ní fẹ́ ti mọ́, ìkùukùu á sì máa bo gíláàsì nígbà òjò. Wíńdò ṣí, a sáré dé Ṣàgámù: 0.

Bàbá ọlọ́dẹ ṣì máa ń gbá búùtù mi lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ṣí géètì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá tún dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. A lọ gbé e ní gáréèjì. Ó jókòó, ó fa èémí sínú, ó wò yíká.

"Ọkọ̀ yín ò rùn mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Èéfín sáílẹ́ńsà ni."

"Ẹn-ẹ́n. Irú mi wá ńkọ́?"

Ìyàwó mi yíjú sí wíńdò. Èmi náà gbájú mọ́ ọ̀nà.